Fúláwà Mọ́mì

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí a bá gbìn síwájú ilé, tí a kì í jẹ, tí a kì í sè, fúláwà la máa ń pè é, ì báà má tanná rí láyé? Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta igi ẹlẹ́wà lẹ́bàá títì. Ẹ nawọ́ sí ewé kan ṣoṣo tó dúró sínú ọ̀rá dúdú, kí ẹ ní, "Èló ni?" Wọ́n á ní, "Fúláwà yẹn? Ẹ mú owó wá." Kò sí òdòdó kankan lórí ẹ̀ o. A kàn ti fún un lórúkọ ohun tí kò tíì ṣe ni. Bí a ṣe ń sọ ọmọ jòjòló ní Ọlá, nígbà tí kò tíì ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, náà nìyẹn.

Irú fúláwà bẹ́ẹ̀ kan wà nílé wa. Ọ̀pẹ ni. Kì í ṣe ọ̀pẹ tí à ń gùn láti kọ ẹyìn o. Ọ̀pẹ ẹ̀ṣọ́ ni, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní fishtail palm, nítorí pé ewé rẹ̀ rí bí ìrù ẹja. Ó fẹ̀ lẹ́nu, etí rẹ̀ sì rí jákujàku bí ohun tí eku jẹ kù. Caryota ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá, ní apá Íńdíà lọ́hùn-ún. Nínú gbogbo ìran ọ̀pẹ, ìran tirẹ̀ nìkan ni imọ̀ rẹ̀ máa ń pín lẹ́ẹ̀mejì: imọ̀ á ya ẹ̀ka, ẹ̀ka á tún wá ya ewé.

Mọ́mì mi ló rà á. Ọdún tí mo wọ praimárì wáànù ni, ní 2010. Inú rọ́bà pẹ́ńtì ló kọ́kọ́ gbìn ín sí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí a yá gbé nígbà náà. Ọdún mẹ́ta gbáko ló lò níbẹ̀. Kò kú, kò sì dàgbà. Nígbà tí a kó dé ilé tiwa ní 2013, Mọ́mì fi àdá la rọ́bà náà, ó gbin igi yẹn síwájú ilé níbi tí oòrùn ti ń mú dáadáa. Àwa ọmọ bá sọ ọ́ ní "Fúláwà Mọ́mì". Àwọn ará àdúgbò náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń júwe ilé wa, wọ́n á ní, "Ẹ bọ́ sílẹ̀ níwájú Fúláwà Mọ́mì."

Mo fẹ́ sọ bó ṣe tọ́jú igi yìí, nítorí pé inú ìtọ́jú yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fi ara pamọ́ sí.

Ohun àkọ́kọ́ tó fún un ni ilẹ̀ àti oòrùn. Ẹ wo àwọn ọ̀pẹ inú ìkòkò tó máa ń wà ní kọ̀rọ̀ báńkì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè wà níbẹ̀ títí lọ láìtanná. Gbòǹgbò wọn ò rí ibi nà sí, ìmọ́lẹ̀ ò sì tó wọn láti fi se oúnjẹ tó máa ṣẹ́ kù fún ìtọ́jú pamọ́. Ohun kejì ni omi. Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo koríko ti gbẹ, Mọ́mì á gbé omi bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, á sì rọra dà á títí á fi wọlẹ̀ dénú. Ó ń fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ kí omi má baà tètè fà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí koríko náà fara kan igi. Ó ń fún un ní ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, àti eérú ìdáná díẹ̀, nítorí pé pótáṣì wà nínú eérú, ọ̀pẹ sì fẹ́ràn pótáṣì.

Ohun kẹta ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó máa ń bá wa gé koríko. Bí Kérésì bá ti ń bọ̀, á ní òun fẹ́ bá ọ̀pẹ yẹn gẹ irun kó lè dùn-ún wò. Mọ́mì á ní, "Má fọwọ́ kàn án o!" Nígbà náà, mo rò pé agídí ni. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé òun ló jàre. Imọ̀ tó ń pọ́n nísàlẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọ̀pẹ ń fa pótáṣì àti magnesium jáde nínú rẹ̀ ni, ó ń fi bọ́ ewé tuntun lókè. Ẹni tó bá gé e kó tó gbẹ tán ti já oúnjẹ gbà lẹ́nu ọmọ nìyẹn.

Ọ̀pẹ tiwa gan-an, ọ̀pẹ elépo, ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tó jọ èyí. Òdòdó rẹ̀ kan á jẹ́ akọ, òmíràn á jẹ́ abo, lórí igi kan náà. Èyí tó jẹ́ abo ló ń di ẹyìn. Nǹkan bí ọdún méjì kó tó di pé a rí òdòdó náà sójú ni igi ti pinnu èwo ni yóò jẹ́. Bí ọ̀dá bá dá, tàbí tí wọ́n bá gé imọ̀ rẹ̀ ní àgéjù, akọ ló máa ń pọ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá dúró nídìí ọ̀pẹ tó ń wo òdòdó, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́ ló ń wò. Ìyà tí a fi jẹ igi lọ́dún kẹta ni kò jẹ́ kó so lọ́dún yìí.

Ó wá di ọdún 2025, ní ìgbà òjò. Inú họ́sítẹ̀ẹ̀lì ni mo wà nígbà tí Mọ́mì pè mí. Ṣe ni wọ́n ń pariwo lórí fóònù: "Àkànní, Fúláwà ti ní fúláwà o!" Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́. Lókè téńté, lábẹ́ imọ̀ tó kẹ́yìn, ohun kan ń so rọ̀ bí ìrùkẹ̀rẹ̀ ọba, ó gùn, ó pọ̀ yọ̀ọ̀. Inú mi dùn. Mọ́mì ní kí n bá àwọn wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni àwọn lè ṣe sí i kó lè tanná dáadáa, kó sì máa tanná lọ́dọọdún.

Ibi tí mo ti ń wá ìrànlọ́wọ́ fún un ni mo ti bá ikú rẹ̀ pàdé.

Ọ̀pẹ yìí, àsìkò ìtànná kan ṣoṣo ló ní láyé. Fún ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, á máa kó sítáàṣì jọ sínú igi rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá tó àkókò, orí rẹ̀ ò ní yọ ewé tuntun mọ́. Òdòdó àkọ́kọ́ á jáde lókè pátápátá, èkejì á jáde nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń ti orí àkàbà bọ̀, fún bí ọdún márùn-ún sí méje. Gbogbo ohun tó ti tọ́jú láti kékeré ló ń ná. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ bá so tán, igi á kú. Kì í ṣe àrùn. Kò sí oògùn rẹ̀.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ta ni kò mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú wa? Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í so lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n a kì í sunkún ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí pé à ń jẹ ẹ́. Èyí tí a kò jẹ, tí a kàn fẹ́ràn lásán, òun ló dun èèyàn.

Bàbá kan ládùúgbò wa ní ọ̀rọ̀ náà rọrùn: ká gé òdòdó rẹ̀ dànù. Wọ́n ní bí kò bá ti so, kò ní kú. Wọ́n tún ní èso rẹ̀ kò dára fún ọmọdé, òtítọ́ sì nìyẹn. Nǹkan kan wà nínú ẹran èso náà tó rí bí abẹ́rẹ́ tín-ín-tìn-ìn-tín, tó máa ń mú ara yún èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ti gígé yẹn, irọ́ ni. Orí igi ti yí padà kí òdòdó àkọ́kọ́ tó jáde. Bí o gé e, bí o ò gé e, ewé tuntun ò sí mọ́. Ohun tí o lè yàn fún un kò ju bóyá kó fi òdòdó lo ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀, àbí kó fi ọgbẹ́ lò ó.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí ni, mi ò bá má kọ àròkọ yìí. Mo bi ara mi léèrè pé, ṣé kò wá sí ohun tí à bá ti ṣe kí igi yìí má kú ni? Ó wà. À bá ti fi í sílẹ̀ nínú rọ́bà pẹ́ńtì. Nínú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, pẹ̀lú omi díẹ̀díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó wà síbẹ̀ di òní, kó kéré, kó tutù, kó má tanná, kó má sì kú. Mọ́mì ló pa á nígbà tó la rọ́bà. Àbí ìgbà yẹn ló jí i?

Ìbéèrè mi gan-an rè é o. Bí a bá mọ̀ pé ohun tí ẹni tí a fẹ́ràn ń fẹ́ ṣe lè ná an tán, ṣé ìfẹ́ ni ká dá a dúró, àbí ìfẹ́ ni ká gbé omi fún un?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ nìkan ni mò ń sọ. Mọ́mì mi, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n. Ìwé NCE ni wọ́n ní. Wọ́n fẹ́ lọ gba dìgírì kí wọ́n tó bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Oyún dé, wọ́n dúró. Wọ́n tún fẹ́ lọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Owó ìwé dé, wọ́n tún dúró. Ní 2022, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ní 2023, wọ́n pè wá jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra fọ́ọ̀mù ètò tí àwọn olùkọ́ fi máa ń kàwé nígbà ìsinmi, èyí tí à ń pè ní sandwich. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni wọ́n nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kò ṣeé ṣe, pé wàhálà yẹn á gbé ẹ̀jẹ̀ wọn sókè. Mọ́mì wá yíjú sí mi. Èmi tí mò ń ka èdè Yorùbá, èmi tí mò ń kọ ewì, èmi tí ẹnu mi dùn. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ sinmi. Ẹ ti ṣe tiyín. Àwa lẹ ó máa fi yangàn báyìí." Inú mi dùn sí bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Mọ́mì kàn ní, "Ó dáa." Wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ síbí, nítorí pé a kì í purọ́ nínú irú ìwé báyìí. Ẹ̀rù ìlera wọn bà mí, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé ọdún yẹn ni mo fẹ́ wọ yunifásítì, àti pé àpò kan náà ni owó fọ́ọ̀mù wọn àti owó ilé-ìwé mi ti máa jáde. Mi ò sọ ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo sọ. Ó máa ń rọrùn láti fi àìsàn ẹlòmíràn bo ojúkòkòrò ẹni.

Nígbà tí mò ń ka nípa ọ̀pẹ yìí, mo tún rí ohun kan. Ní Siri Láńkà, kitul ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń dá a á gùn ún lọ sókè, wọ́n á gé orí òdòdó tí kò tíì là, wọ́n á gbé ìkòkò sẹ́nu rẹ̀. Omi dídùn tó ń kán, wọ́n ń fi ṣe ẹmu. Wọ́n sì ń sè é títí á fi ki bí oyin. Mi ò bá wọn wí. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni, àwa náà ń dá ẹmu. Ṣùgbọ́n mo ka ìyẹn tán, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ohun tó ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ ní ilé-ìwé yìí, ibo ló ti ń kán wá? Ọdún mélòó ni a ti gbé ìkòkò sẹ́nu òdòdó obìnrin yìí? A ń mu ún, a ń sọ pé ìyá ni wúrà, a sì ń sọ fún un pé kó má tanná kó má baà rẹ̀ ẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé èèyàn kì í ṣe igi. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni àléébù ọ̀rọ̀ mi wà. Igi ò lè sọ pé òun fẹ́ tanná. Àwa là ń rò ó mọ́ ọn. Mọ́mì ní ẹnu, wọ́n sì sọ ọ́. Nítorí náà, àṣìṣe mi burú ju ti ẹni tó gé òdòdó igi lọ. Ṣùgbọ́n apá kejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí, àwọn òbí ló tì wá sínú kọ́ọ̀sì tí a ń ṣe. Wọ́n da ajílẹ̀ lé wa lórí, wọ́n fẹ́ ká tanná ní wàràwàrà, ká di lọ́yà, ká di dókítà. Ìyẹn kọ́ ni mò ń pè ní ìrànlọ́wọ́. Gbogbo ohun tí Mọ́mì ṣe fún ọ̀pẹ yẹn, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ pé ó fi ọwọ́ fa òdòdó jáde. Ó fún un ní àyè, ó fún un lómi, ó lé alágẹ̀ẹ́-irun sẹ́yìn, ó sì dúró fún ọdún méjìlá. Ẹni tó fẹ́ ran nǹkan lọ́wọ́ láti tanná, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ìdúró yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ọ̀pẹ mìíràn wà tó jọ tiwa nínú ìwà, ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Talipot ni wọ́n ń pè é. Ó lè lo ọgbọ̀n ọdún sí ọgọ́rin ọdún kó tó tanná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì kú. Roberto Burle Marx, ọkùnrin ará Bràsíl tó ń fi igi àti òdòdó ṣe ọgbà bí ayàwòrán ṣe ń fi ọ̀dà ṣiṣẹ́, gbin irú ọ̀pẹ yìí sí ọgbà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Flamengo ní ìlú Rio de Janeiro, ní àwọn ọdún 1960. Ó kú ní 1994. Ìparí ọdún 2025 ni àwọn ọ̀pẹ náà tanná, táwọn èèyàn ń dúró lábẹ́ wọn tí wọ́n ń wòkè. Ẹni tó gbìn wọ́n ò sí níbẹ̀. Ó sì mọ ohun tó ń gbìn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n rí ara mi. Nígbà tí mo ní kí Mọ́mì sinmi, kí ni mò ń fẹ́? Mo fẹ́ kí wọ́n wà títí tí wọ́n á fi rí òdòdó tèmi. Mi ò ronú kan òdòdó tiwọn. Ìfẹ́ ni, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ẹni tó ń gbé ìkòkò kiri ni.

Mo pè wọ́n padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: sítáàṣì, òdòdó tó ń sọ̀ kalẹ̀, ikú. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ọdún mélòó lo ní ó kù ún?"

Mo ní, "Bí ọdún márùn-ún sí méje, Mọ́mì, bí a bá tọ́jú ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́rin péré ni kọ́ọ̀sì tí mo bi yín léèrè lọ́jọ́sí."

Èmi tí ẹnu mi dùn, mi ò rí nǹkan kan sọ. Nígbà tó yá ni mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Wọ́n ní fóònù àwọn ti fẹ́ kú, iná ò sí, ká máa sọ ọ́ lọ́la.

Nígbà tí mo délé ní Kérésì, òdòdó kejì ti yọ nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Oyin pọ̀ lára rẹ̀, ẹ máa ń gbọ́ ohùn wọn láti ojú fèrèsé. Èmi ni mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi wà nílé. A jókòó sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù. A ti gbà pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n á máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọn ò sì ní fo oògùn. Mo ní owó tí mo bá rí nídìí iṣẹ́ títẹ̀wé tí mò ń ṣe fáwọn èèyàn, ìdajì á máa lọ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì fara mọ́ ọn. Ó ní bí nǹkan kan bá ṣe Mọ́mì, ọrùn mi ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló sọ. Mo ti wá èsì sí i títí, mi ò rí. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé inú rọ́bà yẹn náà, ikú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń pariwo rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí, tí o ti rẹ́rìn-ín sí Fúláwà Mọ́mì mi, mo fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún ọ. Ta lẹ gbìn sínú rọ́bà pẹ́ńtì nílé yín, tí ẹ sì ń pè é ní fúláwà?